Bi wọ́n léèrè ohun tó wà lọ́wọ́ wọn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti gbọ́ ohùn àwọn àgbà tí o gbà sórí fóònù, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. O kú iṣẹ́. Kí ọmọ máa ti ilé dé ilé, kó máa bi àwọn ẹbí rẹ̀ léèrè ibi tí wọ́n wà lọ́jọ́ tí Ọ̀gágun Sani Abacha kú, ohun ìwúrí ni. Ṣùgbọ́n bí o ṣe já Dádì Ṣómólú nírọ́ lójú àlejò wọn kò dùn mọ́ mi rárá.

Mo mọ̀ pé déètì tìrẹ ló tọ̀nà. Wọ́n ní táyà ń jó lójú títì lọ́jọ́ náà, pé àwọn sá títí bàtà fi bọ́ lẹ́sẹ̀ àwọn. Ní 8 oṣù Kẹfà 1998 tí Abacha kú, ijó làwọn èèyàn ń jó lọ́dọ̀ wa. Ìgbà tí Olóyè MKO Abíọ́lá kú sí àhámọ́ ní Àbújá, ní 7 oṣù Keje, ni ìgboro dàrú. Ọjọ́ 29 péré ló wà láàárín ikú méjèèjì. Sísá tí wọ́n sá, òótọ́ ni. Ọjọ́ ló yí mọ́ wọn lọ́wọ́. Kì í sì í ṣe ti ọjọ́ ogbó. Nígbà tí Challenger, ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfuurufú, bú gbàmù ní Amẹ́ríkà ní 1986, ọ̀jọ̀gbọ́n Ulric Neisser ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ sílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì àtààbọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ ohun mìíràn, wọ́n sì ń fọwọ́ sọ̀yà. Wọ́n fi ìwé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ hàn wọ́n, síbẹ̀ ìtàn àkọ́kọ́ kò padà sọ́kàn wọn. Ọ̀dọ́ ni wọ́n o.

Nítorí náà, inú ìwé ìròyìn ni kí o ti wá déètì. Ohun tí ojú rí ni kí o gbà lẹ́nu àgbà.

Èmi, ilé ẹ̀kọ́ ni mo wà. Mò ń fi bírò pupa máàkì iṣẹ́ ìṣirò àwọn ọmọ kíláàsì mi nígbà tí olùkọ́ kan wọlé, tó fẹnu sún mọ́ mi létí, tó ní, "Ó ti kú." Mi ò bi í pé ta ni. Ọ̀gá wa ní ká kọ́kọ́ ti fèrèsé ná, torí láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kiri lè sun àtìmọ́lé. Gbogbo wa ṣùrù bo rédíò kékeré kan. Nígbà tó dá wa lójú, a jó. Mo jó títí gèlè fi tú lórí mi.

Má yọ ijó yẹn kúrò. Mo gbọ́ níbi tí o ti ń sọ fún àbúrò rẹ pé ó ń tì ọ́ lójú, pé a kì í jó lórí òkú. Lóòótọ́, a kì í ṣe é. Ṣùgbọ́n kọ ohun tó ṣáájú ijó: pé wọ́n so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn kọ́ ní 1995, pé wọ́n yìnbọn pa Kudirat, ìyàwó Abíọ́lá, lójú títì Èkó ní 1996, pé ọkọ rẹ̀ tó wọlé ìbò ti lo ọdún mẹ́rin ní àhámọ́. Bí o kò bá ní kọ ìyẹn, má kọ ijó wa rárá.

Ìwọ náà ńkọ́? Níbo lo wà ní ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù Keje 2025, nígbà tí ìròyìn dé láti Lọ́ńdọ̀nù pé Muhammadu Buhari ti kú? Kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ òní, kí ẹlòmíràn tó sọ tirẹ̀ fún ọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, padà lọ sọ́dọ̀ Dádì Ṣómólú. Tọrọ àforíjì kí o tó jókòó. Má bi wọ́n ní déètì mọ́. Bi wọ́n pé ta ló kọ́kọ́ sọ fún wọn, kí ló wà lọ́wọ́ wọn, títì wo ni wọ́n gbà sálọ, ta ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Bí wọ́n bá bọ́ sórí ikú Murtala ní 1976, má dá wọn dúró.

Èmi ni,
Ìyá rẹ