Yìnyín Orí Òkun Yàtọ̀ Sí Yìnyín Orí Ilẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Inú mi dùn pé ẹ fi odindi ojú ewé kan sọ̀rọ̀ lórí yìnyín tó ń yọ́ ní ìpẹ̀kun àríwá àti gúúsù ayé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí n kò lè gbójú fò. Akọ̀ròyìn yín kọ ọ́ pé yìnyín tó léfòó lórí Òkun Arctic, ní ìpẹ̀kun àríwá, ló ń yọ́ tí òkun fi ń kún sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mu gaàrí Ìjẹ̀bú lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn lè dán an wò kó tó da gaàrí sí i: kó ju yìnyín sínú ife, kó bu omi sí i dé ẹnu, kó sì fi í sílẹ̀. Mo ṣe é níwájú ọmọ-ọmọ mi lọ́jọ́ Àìkú. Ó kọ́kọ́ nawọ́ sí omi tó wà lórí tábìlì pé ife ti dà, mo ní kó nu ara ife wò: òógùn ara ife lásán ni, kì í ṣe omi inú rẹ̀. Yìnyín yọ́ tán, omi kò dà, nítorí àyè tí yóò gbà nígbà tó bá di omi náà ló ti gbà nínú omi tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti yìnyín tó léfòó lórí òkun.

Yìnyín orí ilẹ̀ ló ń fi kún òkun, àti ooru tó ń mú omi òkun fúnra rẹ̀ fẹ̀. Bí ti Greenland, erékùṣù ńlá tó wà ní àríwá, bá yọ́ tán, òkun yóò fi nǹkan bíi mítà 7 ga sí i. Ti Antarctica, ilẹ̀ ńlá tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù, bíi mítà 58. Kò sẹ́ni tó ní a ó rí i lójú ayé wa, àmọ́ sátẹ́láìtì ti fi hàn pé àwọn méjèèjì ń dín kù.

Yìnyín Arctic náà kì í ṣe ohun à-fojú-tẹ́ḿbẹ́lú. Orí rẹ̀ ni béárì funfun ti ń dọdẹ séálì, ẹranko inú òkun. Funfun rẹ̀ ló sì ń dá ìtànṣán oòrùn padà, èyí tí omi dúdú ń gbé mì bí yìnyín bá ti ṣí kúrò. Ó wà lára ìdí tí agbègbè náà fi ń móoru ní ìwọ̀n tó súnmọ́ ìlọ́po mẹ́rin ti gbogbo ayé lápapọ̀ láti ọdún 1979. Ní gúúsù, àwọn onímọ̀ a máa lẹ ẹ̀rọ kékeré mọ́ orí àwọn séálì ńláńlá tí imú wọn jọ ọwọ́jà erin, kí wọ́n lè bá wọn wọn ooru àti iyọ̀ omi lábẹ́ yìnyín tí ọkọ̀ kò lè dé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ àtúnṣe yìí jáde. Ọmọ iléèwé kan ti lè gé ojú ewé yẹn lẹ̀ mọ́ ìwé rẹ̀, ohun tó kà níbẹ̀ ni yóò sì kọ nínú ìdánwò.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìjẹ̀bú-Òde.