Ẹ wo ṣéènì tó wà lọ́rùn ajá kẹ́ ẹ tó bú ajá

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ láti Lugbe, tí wọ́n ní kí ìjọba Àbújá fòfin de àwọn ajá ńláńlá yìí, Boerboel, Alsatian àti Caucasian, pé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ni ìkà wà, wọn ò ṣeé tọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, ajá tó ń géèyàn jẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn ni mi ò gbà, torí ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló so ajá mọ́ òpó géètì láti January dé December.

Ẹ rìn yí ká àwọn ẹ́sítéètì wa, láti Kubwa títí dé Lokogoma, ẹ máa rí ohun tí mò ń sọ. Lándílọ́ọ̀dù á ra ọmọ ajá létí títì, èyí tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú kó tó tó àkókò, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀yìn ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, mẹ́gàádì nìkan ló ń rí, òun ló ń ju oúnjẹ sí i, àlejò ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kó má bàa mọ èèyàn jù. Ọgbọ́n tiwọn nìyẹn o! Bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n bí ajá títí dé bí ọ̀sẹ̀ kejìlá sí ìkẹrìnlá, ìgbà yẹn ni ọpọlọ ẹ̀ ṣí sílẹ̀ jù láti mọ ohun tó yẹ kó bẹ̀rù àti ohun tí kò yẹ, ọmọdé tó ń sáré, agbòjò, kẹ̀kẹ́ NAPEP, ẹni tó wọ jàlámíà, gbogbo ẹ̀. Èyí tí kò bá rí nígbà yẹn, ó máa ṣòro kó tó fọkàn tán an tó bá dàgbà. Ajá tẹ́ ẹ ní ó rorò yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ̀rù ló ń bà á. Tó bá lè sá, á sá, àmọ́ ṣéènì ò jẹ́, eyín nìkan ló kù fún un.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rìn yípo lójú kan náà títí ilẹ̀ ibẹ̀ á fi di kòtò, tàbí kó máa lá ẹsẹ̀ kan títí á fi di egbò, kó máa gbó ohun tẹ́nì kankan ò rí. Àwọn kan á ní àǹjọ̀nú ló rí, àwọn míì á ní dìgbòlugi ni. Dìgbòlugi àìsàn ni, ara ajá tó ti ní in ló ti ń wá, abẹ́rẹ́ ẹ̀ sì wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi falẹ̀. Èyí tí mò ń sọ yìí, ìgbèkùn ló fà á, ẹ sì máa rí i lára kìnnìún tó ń lọ tó ń bọ̀ létí irin ní ọgbà ẹranko, lára erin tó ń mi orí láàárọ̀ lálẹ́. Ros Clubb àti Georgia Mason, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹranko, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature ní 2003 pé àwọn ẹranko ajẹran tó máa ń rìn jìnnà jù nínú igbó, àwọn náà ni àlọ-àbọ̀ yẹn ń bá jà jù tí wọ́n bá há wọn mọ́, ọmọ wọn ló sì ń kú jù. Ní 2008 wọ́n tún ṣírò ti erin: abo erin Áfríkà tí wọ́n bí sí ọgbà ẹranko ní Yúróòpù, ìdajì wọn ò kọjá nǹkan bí ọdún 17, èyí tó wà nínú igbó Amboseli ní Kẹ́ńyà, tí èèyàn ò bá pa á, ìdajì wọn ń lò tó ọdún 56. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà ní ọgbà yẹn ní dọ́kítà, oúnjẹ wọn ò wọ́n, kò sí ọdẹ tó ń dọdẹ wọn. Ẹni tó bá ti dé igbó ẹranko Yankari ní Bauchi, ilẹ̀ tó lé ní 2,200 kìlómítà níbùú lóròó, á mọ̀ pé ẹsẹ̀ erin ò wà fún sìmẹ́ǹtì.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni tàwọn tírénà ajá. Wọ́n á ní kó o na ajá, kó o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó o gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀, kó lè mọ̀ pé ìwọ lọ̀gá, pé bí ìkookò tó jẹ́ ìbátan ajá ṣe ń ṣe nínú igbó nìyẹn, alágbára kan á fìyà jẹ àwọn yòókù títí wọ́n á fi tẹríba. Ṣé ẹ mọ ibi tí ìtàn yẹn ti wá? Ọgbà ẹranko ni, kì í ṣe igbó. Onímọ̀ nípa ẹranko kan, Rudolf Schenkel, ló wo àwọn ìkookò tí wọ́n kó jọ sí ọgbà ẹranko ìlú Basel ní Switzerland, ó kọ ohun tó rí jáde ní 1947. Ìkookò tí wọ́n há mọ́ ojú kan náà, tí èyí tí wọ́n lù ò lè kúrò níbẹ̀, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe? Ẹ kó tẹ́nàǹtì tí wọn ò mọra rí sínú yàrá kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ tilẹ̀kùn pa, kẹ́ ẹ wá wo ìjà. David Mech, onímọ̀ nípa ìkookò, ará Amẹ́ríkà, tóun náà ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìwé ẹ̀ ní 1970, lọ ń wo ìkookò inú igbó ní erékùṣù Ellesmere ní Kánádà, nígbà tó di 1999 ó kọ ọ́ pé bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ ni agbo ìkookò tó wà láyè ara ẹ̀. Àwọn òbí ló ń ṣíwájú torí àwọn ló bí wọn, kì í ṣe torí pé wọ́n lu ẹnikẹ́ni borí. Àṣé ìwà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń pè ní ìwà ìkookò láti ọjọ́ yìí, tírénà Àbújá ò tíì gbọ́, ó ṣì ń gbowó.

Ooru ńkọ́? Caucasian, ajá orí òkè òtútù, irun ẹ̀ nípọn, ajá kì í sì í làágùn bíi tiwa, àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ló ti ń làágùn díẹ̀, ahọ́n tó yọ síta tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń lé ooru. Ẹ gbé e sábẹ́ páànù nínú oòrùn March, omi inú abọ́ ẹ̀ ti gbóná, ẹ wá ń béèrè ohun tó ń bí i nínú.

Tí ìjọba bá máa ṣòfin, ẹ bá wa sọ fún wọn pé kí wọ́n fi irú ajá sílẹ̀, kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ ṣéènì. Ajá tó bá wà lórí ìso tọ̀sán-tòru, tí kò ní ibòòji, tí kò gba abẹ́rẹ́, kí olówó ẹ̀ san owó ìtanràn gidi. Ẹ ṣáà jẹ́ kó dun àpò lándílọ́ọ̀dù, ẹ máa rí bí ajá ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jáde láàárọ̀.

Èmi ni,
Bàbá Ìbejì, Kubwa, Àbújá.