Ìtàn Ọjọ́ Iwájú Tó Ń Kọ́lé Ló Wọ́n

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, nínú èyí tí òǹkọ̀wé yín ti sọ pé iṣẹ́ gidi kan ṣoṣo tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní láti ṣe ni kí ó máa kìlọ̀ fún wa nípa ìparun tí ẹ̀rọ lè fà. Mo gbà pé ìkìlọ̀ dára. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n mo ti fi iṣẹ́ afárá kíkọ́ jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì mọ̀ pé mímọ̀ pé kòtò wà níbì kan kò tíì gbé ẹnikẹ́ni dé òdìkejì rẹ̀. Ìtàn tó ń fi ojú inú kọ́ iṣẹ́ ńlá, tí kò sì fi ìnira iṣẹ́ náà pamọ́, ṣòro ó kọ ju ìtàn ìparun lọ, òun gan-an ló sì wọ́n lórí àtẹ báyìí.

Ìbẹ̀rù ẹ̀rọ kì í ṣe ohun tuntun. Ọ̀rọ̀ náà “róbọ́ọ̀tì” fúnra rẹ̀, inú eré orí ìtàgé tí Karel Čapek, ará Czech, kọ ní 1920 ló ti wọ ayé. Láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí iṣẹ́ àfipáṣe ni wọ́n ti fà á yọ, nínú eré náà sì ni àwọn tí a ṣe láti máa sìn wá ti dìde, tí wọ́n pa ìran ènìyàn run. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti ń tún ìtàn yẹn sọ. Ó ti di ohun tí èèyàn lè kọ láìronú púpọ̀: kí ìlú dàrú, kí iná kú, kí ẹ̀rọ gba ìjọba, kí akọni kan máa sá kiri láàárín àwókù ilé. Òǹkọ̀wé kò nílò láti mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ìlú kí ó tó lè wó o.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnìkan jókòó, tó ṣírò bí nǹkan ṣe lè dúró. Ní oṣù Kẹwàá 1945, Arthur C. Clarke, ẹni tí ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ rédíò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní bí a bá gbé ibùdó mẹ́ta sí òfurufú, ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sókè, níbi tí wọn yóò ti máa bá ayé yí po lẹ́sẹ̀kan náà, a ó lè fi ìró ránṣẹ́ yí gbogbo ayé ká. Ó rò pé ènìyàn yóò máa gbé inú àwọn ibùdó náà, ibẹ̀ ló sì ti ṣì í. Nígbà tí sátẹ́láìtì Syncom 3 dé irú ibi bẹ́ẹ̀ ní 1964, tó sì gbé àwòrán ìdíje Òlíńpíìkì Tokyo kọjá òkun Pàsífíìkì, kò sí ẹlẹ́mìí kankan nínú rẹ̀. Àṣìṣe náà kò ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí pé Clarke ti fi òǹkà síbẹ̀ tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò, kí ó sì tún un ṣe.

Mo mọ ibi tí òǹkọ̀wé yín ti lè gbá mi mú. Robert Goddard, ará Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ fi epo olómi gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì sókè ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta 1926, sọ fúnra rẹ̀ pé ìtàn H. G. Wells nípa àwọn ará Mars tó wá gbógun ti ayé ló ru òun sókè nígbà tí òun ka a ní 1898. Ìtàn ìpayà pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ọmọdékùnrin náà gun igi kan lẹ́yìnkùlé, kì í ṣe ogun ló ń rò. Ẹ̀rọ tó lè gbé ènìyàn dé Mars ló ń fojú inú wò. Nínú gbogbo ìparun tó kà, ìrìnàjò nìkan ló mú, ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Èmi kò rò pé ó yẹ kí a máa dúró de irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí ó máa ṣa ohun rere jáde láàárín eérú.

Ní 2011, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà kan, Neal Stephenson, ń ráhùn ní gbangba pé ayé kò dáwọ́ lé iṣẹ́ ńlá mọ́. Michael Crow, ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona, dá a lóhùn pé àwọn òǹkọ̀wé gan-an ni ọ̀lẹ. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ti dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó kó òǹkọ̀wé àti onímọ̀ jọ, èyí tó bí àkójọ ìtàn kan ní 2014. Ìtàn tí Stephenson fúnra rẹ̀ kọ dá lórí ilé ìṣọ́ onírin tí gíga rẹ̀ jẹ́ 20 kìlómítà. Burj Khalifa, ilé kan ní Dubai tó ga jù láyé lónìí, jẹ́ 828 mítà, èyí tó fi hàn pé ti Stephenson yóò ga tó o ní ìlọ́po 24. Bẹ́ẹ̀ ni ìwúwo irin nìkan kọ́ ló ń kó ìdààmú bá irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 10 kìlómítà sókè, ìjì kan wà tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, tí eré rẹ̀ sì sábà máa ń kọjá 160 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Àárín ìjì yẹn ni ilé náà gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Èmi tí mo mọ ohun tí afẹ́fẹ́ lásán lè fi ojú afárá rí, oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ro ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, inú mi sì dùn pé kò kùn mí.

Gbogbo ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ tiwa ló mọ afárá Tacoma Narrows ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1940. Nígbà tó di ọjọ́ keje oṣù Kọkànlá ọdún náà, afẹ́fẹ́ tí eré rẹ̀ kò ju nǹkan bí 64 kìlómítà láàárín wákàtí kan lọ ti fì í sókè sódò títí ó fi já sínú omi. Bí ó bá jẹ́ onítàn ìparun ni, ibẹ̀ ni yóò ti fi gègé sílẹ̀, yóò sì ní òun ti sọ fún wa. Àwọn ẹnjinníà bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ ni. Wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe afárá kéékèèké, wọ́n gbé e sínú ihò tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, wọ́n wo bí ó ṣe ń mì àti ìdí rẹ̀, wọ́n sì ṣí afárá tuntun ní 1950. Ọdún mẹ́wàá yẹn ni mo ń wá nínú ìtàn ọjọ́ iwájú. Ìjà wà nínú rẹ̀, ìtìjú wà nínú rẹ̀, owó tí kò tó náà wà nínú rẹ̀, kò sì sí ìdí tí òǹkàwé fi ní láti sùn lé e lórí.

Kí ẹ má baà rò pé ìtàn dídùn lásán ni mo ń bẹ̀ fún, mo ní láti fi kún un pé iṣẹ́ ńlá ti tẹ àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀ rí. Ìsédò Three Gorges ní Ṣáínà lé àwọn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé wọn. Ìtàn tó bá ń yin ìsédò, tí kò sì jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ẹni tí omi gba ilé rẹ̀, ìpolówó ọjà ni, mo sì kórìíra rẹ̀ ju ìtàn ìparun lọ. Kí ẹni yẹn wà nínú ìtàn, kí ó bá àwọn ẹnjinníà jiyàn, kí ó sì borí nígbà mìíràn, kí wọ́n tún àwòrán iṣẹ́ yà nítorí rẹ̀.

Nítorí náà, Olóòtú, bí ẹ bá tún ṣí ojú ìwé ìtàn kúkúrú yín sílẹ̀ fún àwọn òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n sọ fún mi ẹni tó gòkè lọ sí kìlómítà 12 lára ilé ìṣọ́ náà láti di nọ́ọ̀tì kan tó tú, iye wákàtí tó fi dé ibẹ̀, ẹni tó ń san owó iṣẹ́ rẹ̀, àti ìdí tí òun àti ọ̀gá rẹ̀ kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ afárá kíkọ́.