Kì í ṣe owó-orí ló ń dùn wá: Ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀yà alùpùpù tí à ń ránṣẹ́ rà láti Yúróòpù

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí, nínú èyí tí òǹkọ̀wé yín ti sọ pé ọ̀rọ̀ Brexit, ìyẹn jíjáde tí UK jáde kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ti di ìtàn, àti pé àwọn tó ṣì ń ráhùn nípa rẹ̀ kàn ń sá fún owó-orí ni. Mo bọ̀wọ̀ fún òǹkọ̀wé náà, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú rẹ̀, ìdí sì nìyí tí mo fi mú gègé. Iṣẹ́ mọkálíìkì alùpùpù ni mò ń ṣe ní Peckham, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Mọ́kọ́lá, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń jẹun nídìí rẹ̀. Ó ṣòro kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí n má ránṣẹ́ ra ẹ̀yà kan láti òkè òkun, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe àgbọ́sọ.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2016 ni àwọn ará UK dìbò lórí rẹ̀, ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2020 ni UK sì jáde kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Àwa tí à ń rajà kò mọ̀ ọ́n lára nígbà náà, nítorí pé wọ́n ṣì fi òfin àtijọ́ sílẹ̀ títí tí ọdún 2020 fi parí. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kìíní ọdún 2021 ni a rí i pé ibodè ti wà láàárín wa àti Jámánì, Ítálì, Họ́láńdì àti Faransé, níbi tí kò ti sí ibodè kankan lánàá. Ìjọba sọ fún wa pé àdéhùn òwò tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ti mú owó ibodè kúrò, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà fún òǹkọ̀wé yín níbi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tọ́. Owó-orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT kì í ṣe ohun tuntun. Kí Brexit tó dé, bí mo bá ra kálípà bíréèkì lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Ítálì, VAT ilẹ̀ Ítálì, tó jẹ́ 22 nínú ọgọ́rùn-ún, ti wà nínú iye tí mo san. Ká ní £150 ni owó kálípà náà gan-an, VAT á sọ ọ́ di £183, bí a bá wá fi £15 kún un fún owó ìfiránṣẹ́, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ £198. Lónìí, bí oníṣòwò náà bá yọ VAT tirẹ̀ kúrò bó ṣe yẹ, £150 àti £15 ni n óò san fún un, ìjọba UK á sì gba 20 nínú ọgọ́rùn-ún lórí £165 yẹn, èyí tó jẹ́ £33. Àpapọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ £198, kò lé, kò sì dín. Ẹni tó bá wo ìṣirò yìí nìkan á ní kí ni mò ń pariwo sí.

Ṣùgbọ́n kì í rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn oníṣòwò kéékèèké kan kì í yọ VAT tiwọn kúrò, bóyá nítorí pé ẹ̀rọ ìtajà wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, tàbí nítorí pé wọn kò fẹ́ wàhálà ìwé ẹ̀rí pé ọjà náà ti jáde kúrò nílẹ̀ wọn. Nígbà náà, £183 ni n óò san ní Ítálì, n óò fi £15 ránṣẹ́ rẹ̀, UK á sì tún gba £39.60 lórí gbogbo rẹ̀, ìyẹn ni pé mo ti san owó-orí lórí owó-orí. Lẹ́yìn èyí ni owó tí ẹni tó gbé ẹrù náà máa ń gbà fún wàhálà ibodè á tún dé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Royal Mail, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ UK, ti ń gba £8 fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ akẹ́rù mìíràn sì ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹni tó gbé e bá gba £12, kálípà tó yẹ kó jẹ́ £198 ti di £249.60. Owó tó lé yìí, èwo ni ẹ óò pè ní owó-orí tí à ń sá fún nínú rẹ̀?

Ọjà tí owó rẹ̀ kò ju £135 lọ ní ìṣòro tirẹ̀, òun ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí àwa mọkálíìkì ń rà: gáskẹ́ẹ̀tì, wáyà kílọ́ọ̀ṣì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, páàdì bíréèkì. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ọdún 2021 sọ pé oníṣòwò tó wà lókè òkun gan-an ni kó gba VAT náà lọ́wọ́ oníbàárà nígbà tó bá ń tajà, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC, iléeṣẹ́ agbowó-orí ìjọba UK, kó sì máa san owó náà fún wọn. Àwọn ilé ìtajà ńláńlá lè ṣe èyí. Ṣùgbọ́n bàbá àgbàlagbà kan tó kó ẹ̀yà alùpùpù àtijọ́ jọ sínú àká rẹ̀ ní Jámánì, tó ń ta bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún sí UK lọ́dún, kí ni yóò tìtorí rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ agbowó-orí orílẹ̀-èdè mìíràn? Kó kàn ṣíwọ́ títà fún wa ló rọrùn fún un. Ní ìparí ọdún 2020, ilé ìtajà kan ní Họ́láńdì tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ológeere kéde pé gbogbo orílẹ̀-èdè àgbáyé ni àwọn yóò máa fi ọjà ránṣẹ́ sí, àfi UK. Nínú àwọn tí èmi fúnra mi ń rajà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀, mẹ́ta ni kò dáhùn ìwé mi mọ́ láti ọdún náà, ọ̀kan nínú wọn sì ni ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó ń ṣe rọ́bà kabúrétọ̀ fún irú alùpùpù kan tí wọ́n ti dẹ́kun ṣíṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí wá ta kókó sí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀, ni ti orísun ọjà. Àdéhùn tí mo mẹ́nu bà lókè kò sọ pé ohunkóhun tó bá ti Yúróòpù wá yóò bọ́ lọ́wọ́ owó ibodè. Ohun tí wọ́n bá ṣe ní Yúróòpù, tí oníṣòwò sì kọ ọ́ sínú ìwé pé Yúróòpù ni wọ́n ti ṣe é, ni ó bọ́. Alùpùpù Vespa láti Pontedera, Honda SH125 láti Atessa ní Ítálì, BMW láti Berlin, àwọn wọ̀nyí ní orísun tó ṣe kedere. Ẹ wá wo ẹ̀yà tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, tí oníṣòwò kan ní Jámánì kó wọlé, tó tò ó sí àgbékà rẹ̀, tí èmi sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti san owó ibodè nígbà tó ń kó o wọ Jámánì, owó náà sì wà nínú iye tó ń tà á fún mi. Bí iye rẹ̀ bá ju £135 lọ, owó ibodè UK tún lè já lé e nígbà tó bá ń wọlé síbí, nítorí pé gbígbé tí ó gbé inú àká ní Jámánì kò sọ ọ́ di ọmọ Jámánì. Wọ́n á sì wá ṣírò VAT lórí àpapọ̀ ọjà, owó ìfiránṣẹ́ àti owó ibodè náà. Ẹni tó ń ra ẹ̀yà kò lè mọ èyí tẹ́lẹ̀, nítorí pé orúkọ Jámánì tàbí ti Ítálì ló máa rí lára páálí ọjà, kò sì sí ohun tó ní kí oníṣòwò kọ ibi tí wọ́n ti ṣe é gan-an sójú ìwé tí oníbàárà ti ń rà á.

Àwọn oníbàárà mi ni mò ń rò jù lọ. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ wa tó ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ kiri ìlú yìí, tí wọ́n ń fi owó ilé ìwé ọmọ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Ìlọrin. Ọjọ́ tí alùpùpù irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dúró, ọjọ́ náà ni owó dúró. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ránṣẹ́ ra ẹ̀yà ní Jámánì lọ́jọ́ Ajé, mo lè fọkàn sí i pé yóò ti dé ọwọ́ mi kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Nísinsin yìí, ó lè dé lọ́jọ́ kẹrin, ó sì lè dé lọ́jọ́ kẹrìndínlógún. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń pè mí ní bàbá dúró sílé fún ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dún tó kọjá nítorí ẹ̀yà kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ìwé rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó ní ibodè. Ojoojúmọ́ ló ń fi fóònù béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Bàbá, ṣé ó ti dé?” N kò ní ìdáhùn kankan láti fún un.

Bí ẹ̀yà bá dé tán, tí kò sì bá ara alùpùpù mu, ìyẹn tún jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Mo ti dá irú rẹ̀ padà rí, nígbà tí oníṣòwò kan fi èyí tó yàtọ̀ sí ohun tí mo béèrè ránṣẹ́. Ó dá owó ọjà padà fún mi tìfẹ́tìfẹ́, ṣùgbọ́n VAT tí mo san níbí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ HMRC ni mo ní láti béèrè fún un. Fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní BOR286 fún ẹrù tó bá gba ọwọ́ Royal Mail tàbí Parcelforce wá, òmíràn tó ń jẹ́ C285 sì wà fún èyí tó bá gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ akẹ́rù. Ẹ pa gbogbo ìwé ẹ̀rí mọ́, ẹ má sọ ọ̀kankan nù, títí kan ìwé tó fi hàn pé ẹrù ti jáde kúrò nílùú padà. Owó tí akẹ́rù gbà fún iṣẹ́ ibodè, èyí kò padà wá sọ́wọ́ mi rárá.

Àwọn tó ń tajà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ìrọ̀rùn. Ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti ṣe àwọn alùpùpù Triumph, BSA àti Norton àtijọ́, ibí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ẹ̀yà wọn wà, àwọn tó ń gùn wọ́n sì wà káàkiri Yúróòpù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2021, Yúróòpù fagi lé àǹfààní tí kì í jẹ́ kí wọ́n gba VAT lórí ọjà tí kò ju yúrò 22 lọ. Lọ́jọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2024, òfin ààbò ọjà tuntun tiwọn tún bẹ̀rẹ̀, tó ní kí ẹni tó ń tajà wọlé ní aṣojú kan tó ń gbé láàárín wọn. Òfin náà múlẹ̀ ní Àríwá Árílándì pẹ̀lú, tó jẹ́ ara UK fúnra rẹ̀. Àwọn oníṣòwò kéékèèké kan ti tìtorí rẹ̀ ṣíwọ́ fífi ọjà ránṣẹ́ sí Belfast, ìlú tí wọ́n jọ ń lo owó kan náà.

Ó kan àwọn ará ilé ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Kí ọdún 2021 tó dé, àlejò tó bá wá láti Nàìjíríà, tó ra ẹ̀yà alùpùpù tàbí aṣọ agùnlùpùpù nílé ìtajà tó ń kópa nínú ètò ìdápadà VAT fún àlejò, lè gba VAT rẹ̀ padà ní pápákọ̀ òfúrufú nígbà tó bá ń lọ sílé. Wọ́n fòpin sí ètò yẹn fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Wales nígbà tí UK jáde tán. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gun alùpùpù ńlá ní Ìbàdàn ṣì ń rò pé mo ń fi nǹkan pamọ́ fún òun nígbà tí mo sọ iye tí táyà méjì jẹ́ fún un.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni tún ìbò ọdún 2016 dì. Nígbà tí UK àti Yúróòpù pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n fẹnu kò láti jọ ṣiṣẹ́ lórí àdéhùn tí yóò mú kí oúnjẹ, ewéko àti ohun ọ̀sìn máa kọjá ní ibodè pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Mo yọ̀ fún àwọn tó ń ta oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀yà alùpùpù nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí irinṣẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tèmi ń lò. Mo fẹ́ kí wọ́n fi òfin dè é pé ẹni tó bá ń tajà kọjá ibodè gbọ́dọ̀ fi àpapọ̀ owó, títí dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà, hàn án kó tó sanwó, kí owó iṣẹ́ ibodè tí akẹ́rù ń gbà sì ní òdiwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá.

Títí dìgbà náà, mo bẹ àwọn ọmọ wa tó ń gun alùpùpù kí wọ́n kọ ìwé sí oníṣòwò kí wọ́n tó fi owó ránṣẹ́, kí wọ́n bi í bóyá yóò yọ VAT tirẹ̀ kúrò, ìlú wo ni wọ́n ti ṣe ẹ̀yà náà gan-an, àti ta ni yóò gbé e wá. Bí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n wá a lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ti kó o wọ UK tẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀ sí i. Olóòtú, bí ẹ bá lè bá mi tẹ ìbéèrè mẹ́ta yìí sínú àpótí kan lójú ìwé yín, n óò gé e, n óò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Mọkálíìkì alùpùpù kan,
Peckham, Lọ́ńdọ̀nù