Ẹ ta ìjókòó fún ọmọ mi, mo fẹ́ sanwó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọdún ti ń kanlẹ̀kùn, gáréèjì yóò tún kún fọ́fọ́ láìpẹ́, àwọn ìyá bíi tèmi yóò sì tún gbé ọmọ lé itan láti Ìbàdàn títí dé Lọ́kọ́jà. Ọ̀rọ̀ itan yìí ni mo fẹ́ bá àwọn onímọ́tò sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sétí wọn.

Lọ́kọ́jà ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ìsọ̀ ìránṣọ tèmi sì wà ní Mọ́kọ́lá. Bí ọlidé bá ti dé, èmi àti Àlàó, ọmọ mi tó ti lé lọ́mọ ọdún méjì, la jọ ń wọkọ̀ lọ bá a. Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, Ìkàrẹ́, Kàbà, Ọbájánà: kò sí èyí tí mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń gbé ọmọ tọ̀ níbẹ̀.

Bí mo bá dé gáréèjì, tí mo ní kí wọ́n ta ìjókòó méjì fún mi, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín. "Ìyá ọmọ, ṣé owó ń yún yín lọ́wọ́ ni? Ẹ gbé e lé itan jàre!" Bí mo bá tẹnu mọ́ ọn, owó àgbàlagbà gan-an ni wọ́n á pè lé ọmọ lórí. Mo ní kí wọ́n gba ìdajì, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ta ló lówó ìjókòó méjì lásìkò yìí? Itan náà la ó padà sí.

Èèyàn mẹ́rin ni wọ́n ń há sórí ìjókòó èèyàn mẹ́ta. Bí ọmọ bá sùn, orí rẹ̀ á máa gbá irin ìjókòó iwájú, àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo máa ń fi bo irin náà. Nígbà tá a bá fi máa kọjá Iléṣà, tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ẹsẹ̀ òsì mi á ti kú, mi ò ní mọ̀ bóyá tèmi ni àbí ti ẹni tó jókòó tì mí. Ìyẹn ṣì kéré. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì lórí eré, kò sí ìyá tí apá rẹ̀ le tó láti di ọmọ mú. Mo ti rí àwọn tó ń fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo de ara wọn pọ̀ mọ́ ọmọ, wọ́n rò pé àwọn ń ṣọ́ ọ ni. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ọmọ yẹn ni gbogbo ìwúwo ìyá yóò rún mọ́lẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti ń pariwo tipẹ́ pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 má ṣe jókòó níwájú. Ẹ lọ wo iwájú bọ́ọ̀sì lásìkò ọdún kí ẹ rí i.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ìwé tí wọ́n máa ń gbé yí ọkọ̀ ká kó tó gbéra, tá a fi ń kọ orúkọ wa àti nọ́ńbà fóònù ẹbí tí wọ́n lè pè. Ọmọ tí kò sanwó, wọn kì í kọ ọ́ síbẹ̀. Mo fúnra mi kọ Àlàó sábẹ́ orúkọ mi nígbà kan. Ọkùnrin tó gbé ìwé dání gba bírò lọ́wọ́ mi, ó sì fàlà pa orúkọ ọmọ náà rẹ́, ó ní iye èrò òun ò ní bára mu. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà, tí wọ́n gbé mi lọ sọ́sibítù láìlè sọ̀rọ̀, ta ni yóò mọ̀ pé ọmọ kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ wá?

Ti ìdúró náà ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ajínigbé ń ba awakọ̀ láti Ìkàrẹ́ lọ sókè, èmi náà ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá mi dúró sínú igbó. Àmọ́ ìlú pọ̀ lọ́nà. Ní Ọ̀wọ̀, mo bẹ dẹ́rẹ́bà kan pé ọmọ mi fẹ́ tọ̀, ó ní ṣé kò sí pámpáàsì ni. Ọmọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní póò, kí n tún kọ́ ọ pé kó máa tọ̀ sára? Màmá àgbà kan ló dáhùn láti ẹ̀yìn: "Ìwọ dẹ́rẹ́bà, ṣé o wọ ṣòkòtò wáyé ni?" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó sì dúró. Ní báyìí, kí n tó sanwó ni mo ti ń bá wọn ṣàdéhùn níṣojú agbèrò: Ifẹ̀, Ọ̀wọ̀, Kàbà. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni mo sì ń wọ̀, nítorí oòrùn, kí ilẹ̀ má sì ṣú bá wa lọ́nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra dòdò Ìkirè fún ọmọdé lójú fèrèsé, ẹ dákun. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n epo àti ata yẹn, pẹ̀lú kọ́nà Iléṣà, ara ẹni tó jókòó níwájú yín ni wọ́n máa bọ́ sí.

Wọ́n á ní epo ti wọ́n, ìdajì ò lè mówó wọlé. Ṣé kì í ṣe àwọn náà ló ń fi èrò kan ṣoṣo tí kò tíì pé dá wa dúró títí oòrùn á fi mú? Ìdajì owó ọmọ mi ì bá ti lé ọkọ̀ yẹn jáde. Kí àwọn alága gáréèjì kọ ọ́ sára pátákó owó ọkọ̀ pé ìdajì ni ti ọmọdé, kí wọ́n fún un ní ìjókòó tirẹ̀ lẹ́yìn, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Kí wọ́n bá wa kọ 122, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. À ń lọ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì, owó ti Àlàó yóò sì wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni,
Ìyá Àlàó, aránṣọ,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.