Ẹ̀sùn lórí wáìnì Château Lanessan 2016 tí ooru ti bà jẹ́

Sí Alákòóso Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ ajé o. Mo kọ lẹ́tà yìí nítorí páálí wáìnì pupa kan, Château Lanessan ti ọdún 2016, ìgò mẹ́fà, tí mo rà ní ẹ̀ka yín tó wà ní Bódìjà. Ooru ti ba wáìnì náà jẹ́ kí ó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yín. Mo ti pe àwọn òṣìṣẹ́ yín, mo ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, rìsíìtì sì wà lọ́wọ́ mi. Èsì tí wọ́n fún mi ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí ẹ̀yin fúnra yín, torí èsì yẹn dùn mí ju owó tí mo san lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo rí. Kọ́ọ̀kì ìgò àkọ́kọ́ ti yọrí kọjá ẹnu ìgò, ó sì ti ti ìbòrí fẹ́lẹ́ tó wà lókè rẹ̀ sókè. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ gé ìbòrí náà, wáìnì tó ti ṣàn jáde tó sì ti gbẹ ló yí ẹnu ìgò ká, ó dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Mo to gbogbo ìgò náà síwájú iná, mo sì rí i pé nínú mẹ́rin, wáìnì ti fà kúrò lọ́rùn ìgò, ó ti dé èjìká. Mo da ti àkọ́kọ́ sí gíláàsì: àwọ̀ pupa rẹ̀ ti ṣá, etí rẹ̀ ti ń di búráùn, òórùn èso tí wọ́n sè ní àsèjù ló sì ń ti inú rẹ̀ jáde. Mo gbé e sẹ́nu. Adùn rẹ̀ ti lọ, kíkan nìkan ló kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta wáìnì mọ èyí jù mí lọ: bí ooru bá mú wáìnì, á wú nínú ìgò, á sì ti kọ́ọ̀kì sókè. Tó bá tún tutù, á sún kì, atẹ́gùn á sì gba ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀kì wọlé. Ibi tí wáìnì bá máa pẹ́ sí, ìwọ̀n 12 sí 14 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń wá fún un. Nínú ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ̀bá gíláàsì ojú títì ni wọ́n to àwọn páálí náà sí, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé tààrà. Ọmọbìnrin tó tà á fún mi sọ pé tí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, wọ́n á pa jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù á sì wà ní pípa títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fìyà jẹ ẹ́ nítorí pé ó sọ òótọ́.

Ohun tí ẹni tó dá mi lóhùn kọ́kọ́ sọ ni pé bí wáìnì Bordeaux, ti agbègbè ilẹ̀ Faransé tí Lanessan ti wá, tó ti dàgbà ṣe máa ń rí nìyẹn, pé èmi ni kò mọ̀ ọ́n mu. Rárá o. Irú èso àjàrà tí wọ́n ń pè ní Cabernet Sauvignon ló pọ̀ jù nínú wáìnì yìí, èso yẹn sì máa ń fún èèyàn lẹ́nu pọ̀ bí ìgbà tí a bá ń jẹ obì. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń rà á. Kíkan àti òórùn èso sísè kò sí lára ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀kì ni mo bá a wá, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló ń sọ: ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Èkejì ló dùn mí jù. Ó ní wáìnì náà kò sí nínú ìwé 1855, ìwé tí wọ́n fi to àwọn wáìnì Bordeaux ní ìpele-ìpele, pé kí ni mo retí fún iye tí mo san. Ọ̀gá mi, àwọn alágbàtà wáìnì ní Bordeaux ló ṣe ìwé yẹn fún ìpàtẹ ńlá tí Napoleon Kẹta ṣe ní Paris lọ́dún náà, wọ́n sì pín àwọn ọgbà wáìnì pupa tó wà nínú rẹ̀ sí ìpele márùn-ún. Lóòótọ́, Lanessan kò sí níbẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Louis Delbos, ẹni tó ni ọgbà náà nígbà yẹn, kò fi wáìnì rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, torí kò ka ètò náà sí. Ìdílé rẹ̀ ti ra ilẹ̀ yẹn láti 1793, àwọn àtọmọdọ́mọ wọn, àwọn Bouteiller, ló sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́ ni, ní Cussac, lẹ́bàá Saint-Julien, Gruaud-Larose tó wà ní ìpele kejì sì ni aládùúgbò rẹ̀. Àìsí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ló jẹ́ kí owó rẹ̀ rọjú. Irú àwa tí apá wa kò ká Gruaud-Larose, ibẹ̀ là ń sá sí. Ẹni tó bá wá fi owó tó rọjú ṣàwáwí fún ọjà tó bàjẹ́, iṣẹ́ àwọn tó ti ń ro ilẹ̀ yẹn láti ọjọ́ yìí wá ló ń fi wọ́lẹ̀.

Àbúrò mi tó ti London dé ní ìgò kan lọ́wọ́, Lanessan 2016 kan náà. A ṣí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Tirẹ̀ pọ́n dẹ̀dẹ̀, ó ń ta sánsán, adùn èso rẹ̀ sì pẹ́ lẹ́nu. Ìyá mi, tí kì í mu ju ẹnu kan lọ, tọ́ méjèèjì wò, ó sì gbé tiyín padà sórí tábìlì. Ọ̀gá wa kan tó ń fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ ni mo fẹ́ fi méjì nínú ìgò wọ̀nyí ta lọ́rẹ. Ojú ì bá tì mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá owó páálí náà padà sínú àkáǹtì tí mo fi san án, tàbí kí ẹ fún mi ní ìgò mẹ́fà mìíràn láti inú ẹrù tí oòrùn kò tíì kàn, kí n sì yẹ kọ́ọ̀kì wọn wò kí n tó gbà wọ́n. Ìgò márùn-ún tí n kò ṣí ṣì wà nílé. Ẹ rán ẹni tó mọ wáìnì wá wò wọ́n. Ẹ sì kó àwọn páálí tó kù kúrò lẹ́bàá gíláàsì yẹn lónìí, torí ẹlòmíràn á rà wọ́n.

Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, fún mi lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó dára. Bí n kò bá gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, màá kó rìsíìtì àti fọ́tò lọ sí ọ́fíìsì FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà. N kò fẹ́ kó dé ibẹ̀, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń rajà lọ́wọ́ yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín ní Bódìjà