Àkànbí gun Láyípo

Bódìjà, Ìbàdàn.

Ṣadé ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù ibẹ̀ o. Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ìbejì ńkọ́? Àwa náà wà. Iná ni kò sí, ìyẹn kì í sì í ṣe ìròyìn mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìbotí tó ń dín ariwo kù tí o fi ránṣẹ́ láti Jámánì ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Mo mọ̀ pé o ti máa rò pé aláìmoore ni mí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé fún oṣù méjì gbáko, Àkànbí ọmọ mi ò jẹ́ kí nǹkan náà kan etí òun. Tí mo bá fi dé e, á já a sọnù. Ìgbà kan tiẹ̀ wà tí mo bá a lórí ìkòkò omi, bí ẹni pé ìkòkò ni ariwo ń dà láàmú. Ojú wá ń tì mí láti sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó kọjá.

Ṣé o rántí pé iléèwé tó wà tẹ́lẹ̀ ní àwọn ò lè mú un lọ sí ẹskọ́ṣàn? Gbogbo kíláàsì lọ wo kìnnìún ní ọgbà ẹranko Yunifásítì, wọ́n ní kí n fi tèmi sílé kó má baà da àwọn yòókù láàmú. Mo sì ti sanwó o! Wọn ò dá a padà títí dòní. Iléèwé tó wà báyìí kéré, ọmọ 11 péré ni wọ́n, ṣùgbọ́n Àǹtí tó ń kọ́ wọn mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀tísíìmù, ìyẹn bí ọpọlọ Àkànbí ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ yòókù. Òun ló bi mí pé kí ló ń dùn mọ́ ọmọ yìí jù. Mo ní oǹkà ni. Ó ní kí n mú un lọ síbi tí nǹkan wà láti kà. Ibo ló tún kù bí kò ṣe Láyípo, ilé gogoro tó wà l'Ókè Ààre, níbi tí òyì ti kọ́ ìwọ lọ́jọ́sí, nígbà tí a wà ní JSS 2, tí o jókòó tí o ní o ò sọ̀ mọ́?

Àǹtí ní n má kàn gbé e lọ lójijì. Mo bá kọ́kọ́ dá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè, mo ya fọ́tò: ọkọ̀, ẹnu géètì, àtẹ̀gùn, òkè téńté, ilé wa, abọ́ dòdò. Mo tẹ̀ wọ́n jáde, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí bísíkíìtì, mo tò wọ́n tẹ̀léra. Alaalẹ́ la ń wò wọ́n. Tí a bá ti dé orí dòdò, á rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di Sátidé, mo gba dírọ́ọ̀pù, Micra kan báyìí, mo sì bẹ dẹ́rẹ́bà pé kó má tẹ họ́ọ̀nù. N'Ìbàdàn! Ó gbìyànjú títí a fi dé Òjé. Ní Bẹẹrẹ, níbi tí ẹ̀rọ oníwàásù ti kọjú sí ẹ̀rọ ẹni tó ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, Àkànbí ti fọwọ́ dí etí, ó ń mi ara síwá sẹ́yìn. Mo ti ń sọ fún dẹ́rẹ́bà pé ká yí padà. Ọmọ náà kàn nawọ́ sínú báàgì mi, ó fa ìbotí yọ, ó dé e bí ẹni dé fìlà. Ó dákẹ́. Ṣadé, mo sunkún nínú Micra.

Bí màmá mi ṣe ń ka obì ló ṣe máa ń kà, kì í kà bíi ti iléèwé. Ọmọ tí kì í sọ ju "omi" àti "rárá" lọ lóòjọ́ ló gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ tó ní, "Ení." Àtẹ̀gùn yẹn há, ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, òun ló fi ń jẹ́ Láyípo. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ò kúrò lára ògiri. "Eéjì. Ẹẹ́ta." Ní ẹẹ́rìndínlógún, àwọn ọmọ iléèwé kan ya bò wá láti òkè pẹ̀lú ariwo. Ó jókòó, ó figbe ta. Ìyá kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn wò mí, ó ní, "Ẹ ò ṣe gbé e lọ fún àdúrà?" Mo ní, "A ti gbà á, mà. Ó ku kí ẹ yàgò." N kì í sábà fèsì, o mọ̀ mí. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ló gbà mí. Ó ní kí gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n dúró: "Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá ka iṣẹ́ wọn tán."

Mo rò pé á tẹ̀síwájú láti ibi tó dé. Rárá o. Ó sọ̀ kalẹ̀ pátápátá, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Nígbà tí a dé òkè, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹẹ́tàdínláàádọ́ta." 47. Mo bi ọkùnrin yẹn, ó ní kò ṣì í kà.

Èmi náà fẹ́ ṣe tíṣà. Mo nàka sí gbọ̀ngán Màpó tó ti wà láti 1929, sí Cocoa House alájà 26 tí wọ́n ṣí ní 1965, sí òrùlé páànù tó dípẹtà lọ salalu. Mo ní ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ibi tí a dúró sí yìí fún ìrántí Kápútéènì Bower, àjẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ n'Ìbàdàn. (Ìwọ ọmọ Ọ̀yọ́ ò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn: òun náà ló yin àgbá lu ìlú yín ní 1895. A sì tún ń sanwó gun ìrántí rẹ̀!) Àkànbí ò wo ìyókù. Cocoa House nìkan ló tẹjú mọ́, ètè rẹ̀ ń mì. Mo rò pé àjà ló ń kà.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin la gùn ún. Orúnkún ń dùn mí títí di báyìí.

Lálẹ́ àná, mo ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó ti ya fọ́tò ọkọ̀ àti fọ́tò àtẹ̀gùn kúrò lára páálí. Ó gbé méjèèjì lé mi nítan, ó lọ wọ bàtà. Tẹ́lẹ̀, tó bá fẹ́ nǹkan, aṣọ mi ló máa ń fà títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni o! Mo ní ó di Sátidé. Bàtà yẹn ló wọ̀ sùn.

Jọ̀ọ́, tí o bá tún rí irú ìbotí yẹn tí kò wọ́n, bá mi ra ẹyọ kan sí i. Ìyá ọmọ kan ní kíláàsì wọn ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì níbi tí mo ti rí i. Màá fi owó rẹ̀ fún màmá yín.

Èmi ni tìrẹ,
Fọlákẹ́